Kámẹ́rà Tí Òkè Wà Lára Rẹ̀

Ní Ìsọlọ̀, Ègùn ni wọ́n ń pè mí. Mi ò gbọ́ Ègùn rárá, mi ò tilẹ̀ lè fi kí ènìyàn káàárọ̀. Yorùbá ni ìyá mi fi rẹ̀ mí lẹ́kún, Yorùbá náà ni bàbá mi fi ń bá mi wí. Ṣùgbọ́n Ṣábẹ ni ilé mi, ní òdìkejì ààlà, ní orílẹ̀-èdè tí wọ́n ń pè ní Dàhòmì nígbà náà, ohùn mi sì ń tú mi fó nígbàkúùgbà tí mo bá la ẹnu. Àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ aṣọ á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní Ègùn tún ti dé. Mo kọ́kọ́ ń ṣàlàyé. Nígbà tó yá, mo jáwọ́. Ó máa ń rẹ ènìyàn láti máa ṣàlàyé ara rẹ̀ fún àwọn tó ń sọ èdè kan náà pẹ̀lú rẹ̀.

Owó epo ló gbòde nígbà yẹn. Gbogbo ẹni tó lè rìn ló ń wá sí Èkó, àwọn ará Ọ̀yọ́, àwọn ará Òṣogbo, àwọn ará Abẹ́òkúta, àti irú èmi tí mo ti ibi tó jìnnà jù bẹ́ẹ̀ wá. Àwọn ènìyàn máa ń bi mí pé kí ló kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù nínú Èkó, wọ́n á rò pé mo máa dárúkọ ọkọ̀ tàbí ariwo. Kì í ṣe ìkankan nínú wọn. Ilẹ̀ tó tẹ́jú ni. Ní Ṣábẹ, àwọn òkè olókùúta dúró lórí ìlú, ibi tí o bá wà nínú oko, tí o bá gbójú sókè, o ti mọ ọ̀nà ilé. Ní Ìsọlọ̀, páànù ni ojú mi ń rí títí dé ibi tí ọ̀run ti bẹ̀rẹ̀. Mo ń ṣìnà lójoojúmọ́ nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ohun kan ṣoṣo tó ga tí mo lè fi mọ̀nà ni ọ̀pá èéfín ilé iṣẹ́ wa, n kò sì fẹ́ràn kí n máa wò ó lẹ́yìn tí mo bá ti ṣíwọ́.

Ẹ̀ka tí wọ́n ti ń pa aṣọ láró ni wọ́n fi mí sí. Ooru ibẹ̀ kọjá sísọ. Bí wọ́n bá ń ṣe aṣọ pupa, ọwọ́ mi á pupa, gọ́tà tó ń ṣàn lọ sínú àbàtà lẹ́yìn ilé iṣẹ́ náà á pupa. Bó bá di ti ewé, gbogbo wa á di aláwọ̀ ewé. Mo máa ń fi ọṣẹ dúdú fọ ọwọ́ mi kí n tó jẹun, síbẹ̀ ẹ̀bà mi á ní àwọ̀ díẹ̀ lára. Èmi nìkan ni mo ń dá jẹun, nítorí náà kò sẹ́ni tó rí i.

Ọ̀dọ̀ opó kan ni mo gba yàrá sí. Ìyá Múní ni wọ́n ń pè é, ọmọ bíbí Ìsọlọ̀, obìnrin tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Lẹ́yìn ilé rẹ̀, ilẹ̀ kan rọra dà gẹ̀rẹ́ lọ sí àbàtà, orí ilẹ̀ náà sì ni ọkọ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ilé tuntun. Ìpìlẹ̀ nìkan ló rí ṣe tó fi kú. Àárín ìpìlẹ̀ náà ni wọ́n sin ín sí, níbi tí pàlọ̀ ìbá wà, kí ó lè sùn nínú ilé ara rẹ̀ nígbà tí àwọn ọmọ bá kọ́ ọ tán. Wọn ò kọ́ ọ. Koríko ló hù síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ni Ìyá Múní máa ń lọ gbá a, bó bá sì fẹ́ wọbẹ̀, kì í sọdá ìpìlẹ̀ náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò ga ju orúnkún lọ. Ó máa ń yí lọ sí ibi tí wọ́n fi àyè ilẹ̀kùn sílẹ̀ sí, á bọ́ sálúbàtà rẹ̀, á wá wọlé. Pàlọ̀ ló ń pe ibẹ̀. Bí ẹnìkan bá ń wá a, á ní, "Mo wà ní pàlọ̀," a ó sì bá a níbi tí òjò ti ń pa á.

Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, mo máa ń lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́ ńlá ní Màrínà láti fi tẹlifóònù bá bàbá mi sọ̀rọ̀. Mo ti ní láti fi iṣẹ́ rán awakọ̀ tó ń lọ sílé ṣáájú, kí bàbá mi lè wá jókòó dè mí ní ilé ìfìwéránṣẹ́ ti Ṣábẹ. Ìgbà mìíràn, a ó dúró títí, wọn ò ní rí ìlà náà gbà. Bí wọ́n bá wá rí i, bàbá mi á máa pariwo bí ẹni tó ń pè mí láti orí òkè.

Mo ti fi fọ́tò kan ránṣẹ́ sí i. Ilé ayàwòrán kan ní Òṣòdì ni mo ti yà á, níbi tí wọ́n ta aṣọ sí ẹ̀yìn mi, aṣọ tí wọ́n ya àtẹ̀gùn funfun àti òdòdó sí. Nígbà tí a jọ sọ̀rọ̀, ohun tó kọ́kọ́ bi mí ni pé ta ló ń bá mi gbá àtẹ̀gùn yẹn. Mo sọ fún un pé aṣọ ni. 

"Ojú rẹ kò ṣàjèjì sí mi," ló sọ. "Ibi tí o wà ni mi ò mọ̀. Bí mo bá ń ronú rẹ, mi ò rí ibi tí mo lè gbé ọ sí."

Mo sunkún nínú ọkọ̀ bí mo ṣe ń padà. Obìnrin tó jókòó tì mí rò pé òkú ni wọ́n túfọ̀ fún mi, ó ń kí mi kú ara fẹ́ra kù.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń wá kámẹ́rà. Ọdún yẹn ni ìjọba fi kún owó oṣù, ilé iṣẹ́ wa náà sì fi díẹ̀ kún tiwa. Ẹni tó wà ní yàrá kejì sí tèmi ra rédíò tó tóbi tó àpótí aṣọ. Ẹlòmíràn ra fáànù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iná kò dúró. Èmi lọ sí Òṣòdì, lọ́dọ̀ ọkùnrin àgbà kan tí wọ́n ń pè ní Bọ̀dá Làmídì. Abẹ́ páànù kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin ló ti ń tún aago àti rédíò ṣe, ó sì ń ta ẹrù àlòkù tí àwọn òyìnbó bá fi sílẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń lọ sílé.

Kámẹ́rà ńlá kan ló kọ́kọ́ gbé síwájú mi. Mo sọ fún un pé mi ò fẹ́ ńlá. Bí ènìyàn bá gbé irú ìyẹn jáde ní Ìsọlọ̀, gbogbo ọmọ àdúgbò á ti sáré wá dúró síwájú rẹ̀, wọ́n á ti máa gun ara wọn léjìká. Èyí tó lè wọ àpò ṣẹ́ẹ̀tì ni mo ń wá. Ó tú inú àpótí kan, ó wá mú kékeré kan jáde, ti Jàpáànì, tó ti pẹ́ láyé. Awọ ara rẹ̀ ti ń ṣí, igun rẹ̀ kan ti tẹ̀ wọnú. Òrùka kan yí gíláàsì ojú rẹ̀ ká, wọ́n ya nǹkan mẹ́ta sára òrùka náà: orí ènìyàn kan, ènìyàn méjì tó dúró, àti òkè. Ọwọ́ àwọn tó ti lò ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ti orí ènìyàn rẹ́. Ti òkè ṣì funfun bí ọjọ́ tí wọ́n yà á.

Mo bi í pé kí ni òkè yẹn wà fún.

"Ti ọ̀nà jíjìn ni," ni Bọ̀dá Làmídì dáhùn. "Má da ara ẹ láàmú lórí ìyẹn. Kò sẹ́ni tó ń lò ó. Òkè wo la ní l'Óṣòdì?"

Mo yí òrùka náà sí ojú òkè, ó dún kẹ́. Mo ṣí ẹ̀yìn rẹ̀, mo kọjú rẹ̀ sí oòrùn, mo tẹ̀ ẹ́, mo rí i tí ìmọ́lẹ̀ ṣẹ́ wọlé, tó sì tún pa dé. Mo mọ̀ ọ́n yẹ̀ wò díẹ̀, nítorí nígbà tí mo wà lọ́mọdé, mo máa ń bá ayàwòrán kan ní Ṣábẹ pọn omi, Bàbá Fọ́tò ni gbogbo wa ń pè é. Bó bá ti ya ènìyàn tán, á yọ orí lábẹ́ aṣọ dúdú rẹ̀, á ní, "Mo ti gbà ọ́." Ìgbà náà ni èèyàn tó lè mí. Àwa ọmọ àdúgbò rẹ̀ wá kọ́ ọ mọ́ ọn lẹ́nu. Àwọn tó kù ń ya fọ́tò, àwa ń gba fọ́tò.

A ná an títí tí Bọ̀dá Làmídì fi ní Ègùn le jù fún òun. Mo fi kámẹ́rà náà sápò, mo sì ń fọwọ́ kàn án títí mo fi délé.

Fíìmù àkọ́kọ́, mo yà á káàkiri: àbàtà lówùúrọ̀, ojú irin Òṣòdì nígbà tí kò sí ọkọ̀, àwọn òrùlé lẹ́yìn òjò. Mo gbé e lọ fún ẹni tó ń tẹ fọ́tò. Nígbà tí mo padà lọ gbà á, fọ́tò kan ṣoṣo ló wà nínú àpò ìwé tó fún mi. Ó ń bá mi kẹ́dùn. Ó ní àwọn yòókù ti bàjẹ́, kò sí ènìyàn nínú wọn, òun sì ti dà wọ́n nù kí n má baà sanwó lásán. Obìnrin kan tó gbé abọ́ kọjá níwájú mi láìmọ̀ ló wà nínú èyí tó tẹ̀. Ó ti gé gbogbo ibi tí kì í ṣe obìnrin náà kúrò. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kí ni mo tún fẹ́ sọ?

Mo ra fíìmù mìíràn. Lọ́jọ́ kan tí mo ṣíwọ́ lọ́sàn-án, òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, oòrùn sì padà yọ. Mo lọ dúró ní igun ilẹ̀ Ìyá Múní, mo yọjú wo inú ihò kámẹ́rà náà, gbogbo ibẹ̀ sì wọlé: ìpìlẹ̀, koríko, igi ìyeyè, àbàtà tó ń dán. Mo yí òrùka sí òkè. Inú mi dùn. Mo fẹ́ sọ ọ́ bó ṣe rí: láti ìgbà tí mo ti dé Èkó, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí inú mi dùn láìsí ẹnìkejì lọ́dọ̀ mi. Mo tẹ̀ ẹ́, ọ̀rọ̀ ọmọdé sì jáde lẹ́nu mi sókè ketekete.

"Mo ti gba ilẹ̀ náà."

Múní, àkọ́bí ìyá onílé mi, tó ń ṣe mẹkáníìkì, wà lẹ́yìn mi pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ó yẹ kí ẹ mọ bí Ìsọlọ̀ ṣe rí lásìkò náà. Ìjọba ń gba ilẹ̀ káàkiri, wọ́n gba ti pápákọ̀ òfuurufú, wọ́n ń gba ti ọ̀nà ńlá. Àwọn tó ń wọn ilẹ̀ á kọ́kọ́ wá, wọ́n á wò ó síhìn-ín, wọ́n á wò ó sọ́hùn-ún, wọn ò ní kí ẹnikẹ́ni. Lẹ́yìn náà ni ọ̀dà pupa á dé ara ògiri tí wọ́n máa wó. Kò sì sí ẹni tí ará Ìsọlọ̀ tíì rí rí tó ń ya fọ́tò ilẹ̀ tí ènìyàn kò sí lórí rẹ̀, àfi àwọn tó ń wọn ilẹ̀ yẹn.

"O ti gba èwo?" ni Múní bi mí.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí ṣàlàyé. Bí mo ṣe ń ṣàlàyé ni ọ̀rọ̀ náà tún ń jáde, torí kò sí òmíràn lẹ́nu mi: mo gbà á ni, mo gbà á sínú kámẹ́rà, màá fi ránṣẹ́ sílé. Ó já a gbà lọ́wọ́ mi. Ó tẹ ibí, ó tẹ ọ̀hún, títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi ṣí, ó sì fa fíìmù náà jáde nínú oòrùn, ó gùn, ó ń yípo lórí koríko. Èrò ti pé. Wọ́n ní Ègùn tí ìjọba fi ń ṣọ́ àwọn nìyí. Ìyá Múní, tó ti ń wò wá láti ojú fèrèsé, jáde wá, ó wò mí, ó rọra bi mí pé ta ló rán mi.

Mo ní bàbá mi ni. Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín.

Ìyá náà nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó gba kámẹ́rà náà lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀, ó fi lé mi lọ́wọ́. "Kò sí bí mo ṣe lè gbà ẹ́ sílé mọ́," ló wí. "Ọmọ mi ló máa sin mí."

Mo kó lọ sí Òṣòdì, sí yàrá kan tó máa ń mì bí ọkọ̀ ojú irin bá ń kọjá. Inú mi bàjẹ́ débi pé mi ò lè jẹun dáadáa. Ọ̀rọ̀ yẹn kò kúrò lọ́kàn mi. Wọ́n ń gba àlejò, wọ́n ń gba ilẹ̀, ẹni tó bá bọ́ sómi á ní ẹ gbà mí, ọ̀rọ̀ kan náà ni. Mo lè sọ ọ́ bó ṣe wù mí ní Ṣábẹ, wọ́n á mọ èyí tí mo ń wí. Bóyá ohun tí wọ́n ń pè ní ilé nìyẹn. Lásìkò náà gan-an ni orúkọ orílẹ̀-èdè wa yí padà. Ibi tí mo ti ń fọwọ́ ní ilé iṣẹ́ ni wọ́n ti sọ fún mi, wọ́n ní, Ègùn, wọ́n ti yí orúkọ ìlú yín o. Mo ní mo ti gbọ́. Mi ò tíì gbọ́.

Kò pẹ́ tí àwọn tó ń wọn ilẹ̀ fi dé ẹ̀yìn ilé Ìyá Múní lóòótọ́. Àwọn ará ibi iṣẹ́ ló gbé e dé etí mi, àwọn kan sì ń wò mí bí ẹni tó ti jẹ lára rẹ̀. Katapílà kọjá lórí ìpìlẹ̀ náà àti ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀. Mi ò lọ wò ó. Bí mo bá ti ṣíwọ́, ọ̀nà mìíràn ni mo ń gbà.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú kan, ẹnìkan kan ilẹ̀kùn mi. Ìyá Múní ni. Ó ti rù. Mo fún un lómi, ó mu díẹ̀, ó jókòó sétí ibùsùn mi, ó wo yàrá náà yí ká.

"Mo rí àwọn tó gbà á," ló sọ. "Ìkankan ò jọ ẹ́ nínú wọn."

Ó tú kókó etí aṣọ rẹ̀. Fíìmù yẹn ló wà níbẹ̀, ó ti ká a dáadáa, ó sì ti nu iyẹ̀pẹ̀ ara rẹ̀. Nígbà tí gbogbo wa ti túká lọ́jọ́ náà ló ṣà á nílẹ̀, nítorí ohun ìní ẹlòmíràn ni. Ó ní kí n lọ bá òun tẹ fọ́tò inú rẹ̀. Òun kàn fẹ́ máa rí pàlọ̀ òun.

Mo mọ̀ pé ó ti bàjẹ́, ṣùgbọ́n mo ṣì gbé e sójú fèrèsé, bóyá torí pé mi ò fẹ́ tètè sọ̀rọ̀. "Kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀, Ìyá. Bí oòrùn bá ti kàn án, ó tán nìyẹn."

"Ojú mi ni o ṣe yà á."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá. Ojú yín náà ni wọ́n ṣe fà á jáde."

Mo kábàámọ̀ pé mo sọ ọ́. Ọkọ̀ ojú irin kọjá, omi inú ife rẹ̀ ń mì. Lẹ́yìn náà ló bi mí pé nígbà tí mo yọjú wo inú kámẹ́rà lọ́jọ́ náà, kí ni mo rí. Mo bẹ̀rẹ̀ sí sọ fún un. Mo ní omi òjò dúró sínú igun ìpìlẹ̀ tó kọjú sí àbàtà. Ó ní yàrá òun nìyẹn. Mo ní koríko ga ní gbogbo ibi yòókù, ṣùgbọ́n ibi tí ó máa ń gbá mọ́ tónítóní. Mo ní ọwọ̀ rẹ̀ wà nílẹ̀ lápá ọ̀tún ẹnu ọ̀nà. Ó ní rárá, apá òsì ni òun máa ń fi í sí. Mo ronú, mo rí i pé òótọ́ ló sọ. Ó di ojú rẹ̀, ó ní kí n tún bẹ̀rẹ̀ látòkè.

Fíìmù tuntun wà nínú kámẹ́rà mi láti ìgbà tí mo ti kó dé, tí mi ò tíì fi ya nǹkan kan. A jọ lọ sí Ìsọlọ̀. Wọn kì í ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ Àìkú, katapílà wọn dúró lójú kan, ilẹ̀ pupa tí wọ́n ti tẹ́ lọ gbọọrọ, kò lópin. Mo ṣàlàyé fún Ìyá Múní pé bí kò bá sí ènìyàn nínú fọ́tò, ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ á dà á nù, á dára kí ó dúró síbẹ̀. Ó fi ojú wọn ibẹ̀ láti ara ògiri ilé rẹ̀ tí katapílà wó kù. Ó rìn lọ tààrà, ó dúró, ó yí sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó bọ́ sálúbàtà rẹ̀, ó sì wọlé láti ibi tí ilẹ̀kùn ìbá wà.

Mo sún sẹ́yìn. Orí ènìyàn ni ó yẹ kí n yí òrùka sí, ṣùgbọ́n òkè ni mo yí i sí. Mo tẹ̀ ẹ́, mi ò sọ̀rọ̀.

"Ṣé o ti gbà á?" ló bi mí láti ibi tó dúró sí.

Mo ní mo ti gbà á.

Méjì ni mo ní kí wọ́n tẹ̀, mo sì ní kí wọ́n má gé e. Mo fún Ìyá Múní ní ọ̀kan, mo fi ìkejì rán awakọ̀ sí bàbá mi. Nígbà tí a jọ sọ̀rọ̀ lórí tẹlifóònù, ìlà náà mọ́ gaara, bí ẹni pé ó wà ní ìta yàrá mi. Ó ní òun rí fọ́tò náà. Ó ní ilẹ̀ pupa lásán ni, àti obìnrin àgbà kan tí kò wọ bàtà, ó wá bi mí pé ilé tí mo ń gbé dà.

Mo sọ fún un pé ilé tí mo ti gbé rí ni, àti pé ibi tí ìyá yẹn dúró sí ni pàlọ̀.



"Bó bá jẹ́ pàlọ̀ ni," ni bàbá mi wí, "kí ló dé tí ẹ ò fún un ní àga?"